Òkun Lórí Mars Láàárín Ìṣẹ́jú Mélòó Kan

Nínú Universe Sandbox, eré kọ̀ǹpútà tí Dan Dixon ará Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2008, ọmọ yín lè fi òṣùpá kejì kún ti ayé, tàbí kó gbé pílánẹ́ẹ̀tì tuntun sáàárín ayé àti Mars. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe ń fa èkejì mọ́ra. Bí òṣùpá tuntun náà bá wúwo jù, èyí tá a ti mọ̀ látayébáyé lè já kúrò nípò rẹ̀!

Mars ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fẹ́ tún ṣe. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ kún un, òkun á sì yọ. Ó dùn-ún wò, àmọ́ ibi tó yẹ kí òbí ti bi ọmọ léèrè nìyẹn: níbo lo ti rí afẹ́fẹ́ yẹn? Torí afẹ́fẹ́ Mars kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé. Lọ́dún 2018, Bruce Jakosky àti Christopher Edwards ṣírò carbon dioxide tó ṣẹ́ kù níbẹ̀. Wọ́n rí i pé èyí tí ọwọ́ èèyàn lè tẹ̀ kò tó láti mú kí Mars móoru bí ayé.