Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà: Ṣé Kí A Pààrọ̀ Rẹ̀ Ni?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kò yẹ kí ènìyàn fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa pa làpálàpá. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ mu wẹ́kú. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀. Bí ó bá ti ń wọ́ bí ìgbín, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn processor, kò lágbára mọ́.

Ní Ẹ̀gbẹ́dá níbi tí mò ń gbé, oníṣẹ́ kan sọ fún mi pé, "Àbúrò, jẹ́ kí n bá ọ yọ i5 yìí, kí n fi i7 sí i." Owó àjọ tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni ó wà lọ́wọ́ mi. Òun náà ni mo fẹ́ fi rìnrìn-àjò lọ gba ohùn àwọn oníìjálá sílẹ̀ fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi. Mo rí i pé ó yẹ kí n wádìí kí n tó náwó.

Èkíní, ṣé ó tilẹ̀ ṣe é yọ? Nínú àwọn processor Intel ìran kejì sí ìkẹrin, èyí tí lẹ́tà M gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ sábà máa ń ṣe é yọ; èyí tí U gbẹ̀yìn rẹ̀, ńṣe ni wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Láti ìran karùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n ń jó mọ́ ọn.

Èkejì, kí ni èrè rẹ̀? ThinkPad T430 ni tèmi, ẹ̀rọ ọdún 2012. i5-3320M inú rẹ̀ ní core 2, iyára rẹ̀ sì jẹ́ 2.6 GHz. i7-3520M náà, core 2 ni ó ní, iyára rẹ̀ jẹ́ 2.9 GHz. Àfikún náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ! Orúkọ i7 nìkan kò ju orúkọ lọ.

Ẹ̀kẹta, kí ni àìsàn náà gan-an? Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń wọ́, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Bí CPU bá ń dúró ní ìtòsí 100%, processor ni ó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Memory, RAM ni kò tó. Bí ó bá jẹ́ Disk, hard disk ni. Tèmi, Disk wà ní 100%, CPU kò sì ju 20% lọ. Hard disk àtijọ́ ní àwo tí ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, apá kan á sì máa wá ọ̀rọ̀ kiri lórí rẹ̀. SSD kò ní ohun tí ń yí rárá. Ìdí nìyí tí ó fi yá jù ú lọ. Bí ẹ̀rọ yìí bá sì kú lọ́la, a lè yọ SSD náà sí òmíràn.

Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ orí ẹ̀rọ ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Windows 11 sì ń béèrè fún Intel ìran kẹjọ, tí ó jáde ní 2017, ó kéré tán. i7 ìran kẹta kò lè gbé wa dé ibẹ̀.

Nítorí náà, SSD ni mo rà. Èyí tí ó kù nínú owó náà di ti ìrìn-àjò.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ processor o. Ẹni tí ó ń ṣe fídíò, tí CPU rẹ̀ ń kún, tí tirẹ̀ sì ṣe é yọ, lè jèrè i7 tí ó ní core 4, bí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá gbà á. Ṣùgbọ́n kí ó béèrè iye owó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Òtígbà, Ìkẹjà, kí ó ro owó iṣẹ́ mọ́ ọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tó ìdajì owó ẹ̀rọ tí ìran rẹ̀ sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tọ́jú owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń ṣe ẹ̀rọ kí a tó ra oògùn fún un.