Pásítọ̀, Ṣé Wúrà Gidi Nìyẹn?



Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti bàbá díákónì kan nínú ìjọ wa ní Akínmọ̀ọ́rìn jọ lọ sí Àbújá fún ìpàdé àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Bí ọkọ̀ ti wọ àárín ìlú, bàbá na ọwọ́ sí mọ́ṣáláṣí ńlá tí í ṣe ti gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1984. Òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, ó sì ń kọ mànà nínú oòrùn. Bàbá ní, "Pásítọ̀, ṣé wúrà gidi nìyẹn?" Ẹ̀rín pa mí. Kí n tó wá ọ̀rọ̀ sọ, ọkọ̀ ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi dé ilé, nítorí pé wúrà gan-an ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa nígbà náà. Páànù ilé ìjọsìn wa ti dógùn-ún, òjò a sì máa kán sórí àwọn akọrin. Nígbà tí owó díẹ̀ wọlé, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ní páànù aláwọ̀ wúrà ni kí a rà, kí a sì fi ọ̀dà wúrà kun iwájú ilé, kí ẹni tí ń ti Fìdítì bọ̀ lè máa rí ilé Ọlọ́run láti òkèèrè. Àwọn yòókù ní ìnákúnàá ni. Ó burú débi pé àgbà méjì kì í kí ara wọn mọ́ lẹ́yìn ìsìn. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ rò pé odindi ògiri ni wọ́n fi ń mọ wúrà ní àwọn ilé tí a ń rí nínú àwòrán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wúrà rọ̀, a lè fi òòlù lù ú títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju bébà lọ fíìfíì. Gíráàmù kan, tí kò wúwo ju hóró àgbàdo mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, lè tẹ́ tó mítà kan níbùú lóròó. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ igi tàbí bàbà. Òjò kì í sì í mú un dógùn-ún. Ní nǹkan bí 1830, ọba Ranjit Singh ní ilẹ̀ Íńdíà fi wúrà bo ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ní Amritsar. (Wọ́n tún ní ilé ìdáná kan níbẹ̀ tí ó ń bọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá wá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀sìn yòówù kí ó máa ṣe. Ká má parọ́, èyí wú mi lórí ju wúrà náà lọ.) Ní Jerúsálẹ́mù, alóminíọ̀mù tí ó ní àwọ̀ wúrà ni ó wà lórí òrùlé rìbìtì olókìkí nì fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Ọba Hussein ti Jọ́dánì fi ná owó ara rẹ̀ ní 1993 sí 1994, tí wọ́n fi 80 kílò wúrà gidi sí i.

Ọ̀nà mìíràn wà láyé àtijọ́, ó sì léwu. Wọ́n á po wúrà mọ́ mẹ́kúrì, irin olómi tí ó máa ń wà nínú tẹ̀mómítà àwọn nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi kun bàbà, wọ́n á sì fi iná sí i títí mẹ́kúrì yóò fi di èéfín, tí wúrà yóò ṣẹ́kù. Májèlé ni èéfín náà. Ní St Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ti kọ́ kàtídírà Isaac Mímọ́ láti 1818 sí 1858, nǹkan bí 60 òṣìṣẹ́ ni a gbọ́ pé ó pa. Ilé Ọlọ́run ni wọ́n ń kùn o! Kí a má sì rò pé òkè òkun nìkan ni irú èyí wà. Ní ìpínlẹ̀ Sàmfárà ní 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà tí àwọn ènìyàn ń lọ̀ nínú àgbàlá wọn pa ọmọdé tí ó lé ní 400.

Ṣé Ọlọ́run wá kórìíra wúrà ni? Rárá o. Tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì gùn ní 60 ìgbọ̀nwọ́, ó fẹ̀ ní 20, wúrà sì bò ó nínú títí kan ilẹ̀ tí à ń tẹ̀. Ọlọ́run fi ògo rẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ìwé kíkà dúró níbẹ̀. Ní ọdún karùn-ún Réhóbóámù ọmọ rẹ̀, Ṣíṣákì ọba Íjíbítì wá kó ìṣúra ilé Olúwa, ó sì kó asà wúrà tí Sólómọ́nì ṣe. Kí ni Réhóbóámù ṣe? Ó rọ asà idẹ dípò wọn. Nígbàkígbà tí ọba bá ń lọ sí ilé Olúwa, àwọn ẹ̀ṣọ́ á gbé idẹ náà jáde, bí ó bá sì padà, wọ́n á gbé e wọlé. Ẹ wo ẹni tí ó dúró lókèèrè: yóò ṣáà rí i pé nǹkan ń dán.

Ti Hesekáyà ló dùn mí jù, nítorí pé ènìyàn rere ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi wúrà bo ìlẹ̀kùn àti òpó tẹ́ḿpìlì. Nígbà tí ọba Asíríà bu 300 tálẹ́ńtì fàdákà àti 30 tálẹ́ńtì wúrà lé e lórí, òun kan náà ni ó bó wúrà náà kúrò lára ìlẹ̀kùn, tí ó fi rán sí ọ̀tá. Mo máa ń ronú nípa àwọn tí ó wá jọ́sìn ní ọjọ́ kejì, tí wọ́n bá ìlẹ̀kùn ní ìhòòhò. Ẹbọ ṣì ń lọ. Àlùfáà ṣì dúró níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi méjèèjì yìí ni mo kà fún ìgbìmọ̀ wa, Àwọn Ọba Kìíní orí 14 àti Àwọn Ọba Kejì orí 18. Ilé pa lọ́lọ́. Bàbá díákónì tí a jọ lọ sí Àbújá ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dí ibi tí ó ń jò." Páànù alóminíọ̀mù lásán, tí kì í dógùn-ún, ni a fẹnu kò sí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjì tí kì í kí ara wọn ni ó san owó ìṣó, èkejì ni ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e wá láti Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó fẹ́ wúrà sọ fún mi pé òun kò tíì jáwọ́ o, pé lẹ́yìn ìkórè òun yóò tún mú ọ̀rọ̀ ọ̀dà náà wá. Mo ní kí ó mú un wá, etí mi wà níbẹ̀.