Páìpù Tí Kì Í Jò Síta, Àmọ́ Tó Ń Fa Afẹ́fẹ́

Bùrọ̀dá mi ló ń tọ́jú púùlù ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan níbí ní Ìyìn-Èkìtì. Nígbà tó pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan, ohùn rẹ̀ kò dùn rárá. Páǹpù púùlù ti jóná, wọ́n ra tuntun, tuntun náà tún ń pariwo bíi ti àkọ́kọ́. Ọ̀gá wọn ní bùrọ̀dá mi ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. "Ìwọ tó ń ka físíìsì kiri yìí, wá wò ó."

Mo débẹ̀. Páǹpù yẹn ní ìdérí kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, asẹ́ tó ń gba ewé wà lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí omi kún ibẹ̀ dẹ́nu. Ìdajì ni omi, ìdajì afẹ́fẹ́. Nínú púùlù, níbi tí omi ti ń padà wọlé, ó ń hó bí omi àmàlà.

Púlọ́ńbà méjì ti wá. Àwọn méjèèjì wá ibi tí omi ti ń jò, wọn ò rí nǹkan kan, gbogbo ilẹ̀ gbẹ. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣì í.

Ẹ ronú sítúróò tí ẹ fi ń mu mínírà. Tí ihò kékeré bá wà lára rẹ̀, ẹ máa fà á títí, afẹ́fẹ́ lẹ máa rí mu. Ṣé mínírà ń jò láti ihò yẹn bí ẹ ṣe ń fà á? Rárá o. Evangelista Torricelli, ará Ítálì, ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú lẹ́tà kan ní 1644: afẹ́fẹ́ ayé wúwo, ó ń tẹ gbogbo nǹkan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Páǹpù kàn ń dín agbára inú páìpù kù ni, afẹ́fẹ́ ìta ló ń ti omi wọlé. Ìdí nìyí tí páǹpù orí ilẹ̀ kò fi lè fa omi kànga tó jìn tó mítà 11, bó ti wù kó lágbára tó. Nítorí náà, láàárín púùlù àti páǹpù, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé, omi kì í jáde. Tó bá ti kọjá páǹpù, ọ̀rọ̀ yí padà, omi ló máa tú síta.

Mo kọ́kọ́ wo bí omi púùlù ṣe ga tó, torí tó bá wálẹ̀ ju ihò tó ń fà á lọ, afẹ́fẹ́ á bá a wọlé. Ó dáa. Rọ́bà roboto abẹ́ ìdérí náà, tuntun ni. (Ẹ má fi Vaseline pa rọ́bà yẹn o, ó lè bà á jẹ́. Gírísì sílíkónì ni kẹ́ ẹ lò.) Mo wá po ọṣẹ kí ìhó rẹ̀ ki dáadáa, a tan páǹpù, mo ń fi ìhó náà sí ojú ìsopọ̀ páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́, ìhó dúró jẹ́ẹ́. Ìkejì, jẹ́ẹ́. Níbi tí páìpù ti wọ ẹnu páǹpù, tó ní téèdì, ìhó náà wọlé ṣìn-ìn bí ìgbà tí èèyàn gbé e mì. Mo da omi sí ibẹ̀, ariwo páǹpù rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bùrọ̀dá mi di orí mú.

A tú u. Ike náà ti sún kì, téèdì rẹ̀ ti yọ́. Ooru ló ṣe é. Ní oṣù Kejì, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, omi púùlù ti wálẹ̀. Bùrọ̀dá mi ní kí wọ́n ra omi táńkà, wọ́n ní kó máa tan páǹpù bẹ́ẹ̀. Páǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ kò rí omi tútù tó máa tù ú lára. Ìwọ̀nba omi inú rẹ̀ gbóná, ike rọ̀, síìlì bàjẹ́, mọ́tò jó. Wọ́n wá ra páǹpù tuntun, wọ́n dè é mọ́ ike tó ti yọ́ yẹn!

A fi ike tuntun síbẹ̀, a wé tépù funfun mọ́ téèdì rẹ̀, a fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tó kù, a sì fi í sílẹ̀ mọ́jú kó gbẹ. Láàárọ̀, omi kún abẹ́ ìdérí yẹn dẹ́nu. Mo fi ike tó yọ́ han ọ̀gá wọn, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní kí n fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọn ò yọ owó mọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀, wọn ò tíì dá a padà.