Òdo tó ń sọ mẹ́wàá di mẹ́jọ: ìdí tí èdè kọ̀ǹpútà Python fi pa àṣà àtijọ́ tì

Gbogbo alájọ tó ń gba owó àjọ kiri láti Ìgbẹ̀ìn dé Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta, ló mọ̀ pé nọ́ńbà tó wà lára káàdì oníbàárà kì í ṣe ohun àfiṣeré. Bí ẹni tó ni káàdì 010 bá dá ẹgbẹ̀rún kan náírà, tí wọ́n wá kọ owó náà sórúkọ ẹni tó ni káàdì 008, ariwo ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó àjọ kò ní ṣeé gbọ́ sétí.

Bẹ́ẹ̀, irú àṣìṣe yìí gan-an ló lè ṣẹlẹ̀ láyé ìjọ́un bí ọ̀dọ́ kan bá fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python 2 kọ ìwé owó irú alájọ bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Nínú èdè náà, òdo tó bá ṣáájú nọ́ńbà kì í ṣe òdo lásán. Àmì ni fún ẹ̀rọ pé kó má ṣe fi mẹ́wàá-mẹ́wàá ka nọ́ńbà náà, mẹ́jọ-mẹ́jọ ni kó fi kà á. Bí ẹ̀rọ bá rí 010, mẹ́jọ ni yóò kà á sí. Bó bá rí 0100, ó di mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Káàdì 001 títí dé 007 kò ní mú ìṣòro kankan wá. Tó bá kan 008 àti 009, ẹ̀rọ yóò kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé kò sí 8 àti 9 nínú ònkà tí wọ́n ń fi mẹ́jọ-mẹ́jọ kà. Ọ̀dọ́ náà yóò yọ òdo kúrò lára méjèèjì, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Káàdì 010 ni wàhálà wà. Ẹ̀rọ kò ní kọ̀ ọ́, kò ní pariwo, owó ẹni kẹwàá yóò kàn rọra bọ́ sápò ẹni kẹjọ. Ti ẹni kọkànlá yóò sì di ti ẹni kẹsàn-án.

Ọwọ́ àwọn àgbà ni wọ́n ti jogún àṣà yìí. Ó ti wà nínú èdè B tí Ken Thompson ṣe ní iléeṣẹ́ Bell Labs lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì wà nínú èdè C tí Dennis Ritchie ṣe tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ònkà mẹ́jọ-mẹ́jọ rọrùn fún àwọn ẹ̀rọ ayé ìgbà náà. Nígbà tí Guido van Rossum gbé Python jáde ní 1991, ó mú un láti inú C. Kò sí ohun tó burú nínú kíka nǹkan ní mẹ́jọ-mẹ́jọ o. Àwa Yorùbá náà ń fi ogún kà: ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ohun tí wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀ ló burú, nítorí pé gbogbo ayé ló mọ òdo iwájú sí ohun tí kò níye lórí.

Ní 2007, Patrick Maupin kọ àbá kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà PEP 3127. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ka nǹkan ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, kó kọ 0o ṣáájú, kí 010 sì kúrò nílẹ̀. Python 2.6 gba méjèèjì pọ̀. Nígbà tí Python 3.0 dé ní oṣù Kejìlá, ọdún 2008, ó kọ 010 pátápátá. Àwọn kan lè bèèrè pé kí ló dé tí wọn kò kúkú sọ ọ́ di mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti kọ yóò yí ìtumọ̀ padà láìsí ẹni tó fura. Ó sàn kí ẹ̀rọ dúró, kó ní òun kò ṣe. Ó ná àwọn èèyàn ní òógùn ṣá, nítorí pé títí di ọdún 2020 ni wọ́n ṣì ń tọ́jú Python 2 fún àwọn tí kò tíì ṣí kúrò níbẹ̀. Àmì tuntun náà kò sì pé tán: èdè náà ṣì gbà kí èèyàn fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ báyìí, 0O10. Ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ òdo níbẹ̀?

Nígbà tó di 2021, Python 3.10 tún kọjú sí àwọn tó ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ̀rọ̀. Bí èèyàn bá kọ 0x1for, ó lè rò pé nọ́ńbà 0x1 lòun kọ, kí ọ̀rọ̀ náà “for” tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n 0x jẹ́ àmì ònkà mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún, lẹ́tà f sì jẹ́ nọ́ńbà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ yóò gbé f mì, “or” nìkan ni yóò ṣẹ́kù. Ìkìlọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, wọ́n sì ní tó bá yá, yóò di àṣìṣe tí ẹ̀rọ kò ní gbà mọ́.

Ìgbẹ̀ìn kò ṣàjèjì sí irú àtúntò báyìí. Níbẹ̀ ni Samuel Ajayi Crowther, tó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀, fi ṣe ibùdó lẹ́yìn tó dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ní 1974, wọ́n yí àkọtọ́ padà: “aiye” di “ayé”, “enia” di “ènìyàn”, “nwọn” di “wọ́n”. Síbẹ̀, àwọn àgbà ń ka Bíbélì àtijọ́ lọ, kò sẹ́ni tó lé wọn. Bí wọ́n bá kọ “igba” láìfi àmì sí i, òǹkàwé yóò fojú inú wò ó bóyá igba náírà ni, tàbí igbá, tàbí ìgbà. Kọ̀ǹpútà kò ní ojú inú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó bá ń to nọ́ńbà fóònù sínú ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001, òdo ló ń ṣáájú nọ́ńbà wa. Python 2 yóò kọ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 nítorí 8 tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0703 lè wọlé, kó sì di nǹkan mìíràn, bí kò bá sí 8 tàbí 9 nínú ìyókù. Nínú Excel ẹ̀wẹ̀, òdo náà yóò kàn pòórá ni. Bákan náà ni nọ́ńbà àkáǹtì báńkì tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sáàárín àmì àyọlò, kí ẹ̀rọ lè mú un bí ẹní mú orúkọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀.

Ọ̀dọ́ tó bá sì ń kọ́ èdè C tàbí Java lónìí ní láti ṣọ́ra gidi. Nínú àwọn èdè méjèèjì yìí, mẹ́jọ ṣì ni 010.