Àkọsílẹ̀ Ìwọ̀n àti Ìjáfáfá: Èdè-Ìperí fún Ìfiwéra Káàdì Ayàwòrán

1. Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé orúkọ tí a bá fún ohun tuntun ni yóò máa tọ́ àwọn tí ó ń lò ó sọ́nà, tàbí kí ó máa ṣì wọ́n lọ́nà. Láti 1970, tí Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ni ó ti hàn pé àìsí ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa dúró fún ohun méjì tún lè burú jù ú lọ. Irú ìṣòro kejì yìí ni ó bá káàdì ayàwòrán.

Káàdì ayàwòrán ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe ìṣirò àwòrán tí ojú ẹ̀rọ ń gbé jáde. Ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, irú àwọn tí ó ń lò ó ni àwọn tí ń to fídíò ìgbéyàwó, àwọn ayàwòrán ilé, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń ta géèmù. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú káàdì tí wọ́n ń rà. Ìbéèrè tí ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu oníbàárà ni pé, "Gíìgì mélòó ni?" Èrò rẹ̀ ni pé èyí tí gíìgì rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò yára jù. Bí atúmọ̀ èdè bá wá pe gíìgì yìí ní "agbára", ó ti fi òǹtẹ̀ lu àṣìṣe náà.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀

Àkọsílẹ̀ ìwọ̀n ni gbogbo òǹkà tí ilé-iṣẹ́ kọ sára páálí káàdì. Ìjáfáfá ni iṣẹ́ tí káàdì náà ṣe ní ti gidi nígbà tí a gbé iṣẹ́ fún un: iye àwòrán tí ó yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí iye ìṣẹ́jú tí ó fi parí fídíò kan. Ìwọ̀n ni à ń kà. Ìjáfáfá ni à ń dán wò. "Ìṣeéṣe" kò lè rọ́pò ìjáfáfá, nítorí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ibi tí káàdì ń kó dátà sí nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ni àká. "Iyè" pẹ̀lú ì bá dára, ṣùgbọ́n "iye", "iyè" àti "ìyè" sún mọ́ra jù. Bí òǹkọ̀wé kò bá fi àmì ohùn sí wọn, òǹkàwé kò ní mọ èwo ni èwo. Àká tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí ti wà nínú èdè tipẹ́. Fífẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú kò ṣòro.

Àpẹẹrẹ kan ni yàrá ìkẹ́rùsí méjì nínú ọjà Ìkòtún. Wọ́n tóbi bákan náà, ẹnu ọ̀nà wọn sì fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n àwọn alábàárù ọ̀kan ń sáré, ti ìkejì ń wọ́ rìn. Ẹni tí ó bá ka àpò ìrẹsì inú yàrá nìkan kò ní mọ ìdí tí oníbàárà fi ń dúró pẹ́ níwájú yàrá kejì. Iye àpò tí yàrá gbà ni ìtóbi àká. Iye alábàárù tí ó lè gba ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà ni ìbú ojú-ọ̀nà. Iye àpò tí ó jáde láàárín àkókò kan ni ìwọ̀n ìkójáde.

3. Orúkọ kan, káàdì méjì

Ní 2017 ni ilé-iṣẹ́ NVIDIA gbé GeForce GT 1030 jáde, pẹ̀lú àká irú GDDR5. Ní 2018, òmíràn tún jáde tí òun náà ń jẹ́ GT 1030, ṣùgbọ́n tí ó ní àká irú DDR4. Àwọn méjèèjì ní àká gígábáìtì 2 àti ẹ̀yà aṣèṣirò 384. Ìbú ojú-ọ̀nà wọn jẹ́ bíìtì 64, èyí tí í ṣe báìtì 8. Nínú ti àkọ́kọ́, gígábíìtì 6 ń gba ojú-ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. 8 lọ́nà 6 jẹ́ 48. Nínú ti ìkejì, 2.1 ni ó ń kọjá. 8 lọ́nà 2.1 jẹ́ 16.8. Gígábáìtì 48 àti 16.8 ni ìwọ̀n ìkójáde wọn. Nígbà tí àwọn onídánwò fi géèmù kan náà dán méjèèjì wò, nínú ọ̀pọ̀ géèmù, nǹkan bí ìdajì àwòrán tí ti GDDR5 yà ni ti DDR4 lè yà. Gíìgì kan náà, orúkọ kan náà, ìjáfáfá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

4. Àká ńlá tí kò yára jù

GeForce RTX 3060 Ti (2020) ní àká gígábáìtì 8. RTX 3060 (2021) ní 12. Síbẹ̀, RTX 3060 Ti ni ó ń yára jù nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yà aṣèṣirò rẹ̀ jẹ́ 4864, ti èkejì jẹ́ 3584. Ìwọ̀n ìkójáde rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 448, ti èkejì jẹ́ 360. Àká ńlá kò sì di asán: bí iṣẹ́ kan bá nílò ju gígábáìtì 8 lọ, káàdì tí àká rẹ̀ kéré yóò bẹ̀rẹ̀ sí wọ́lẹ̀, tàbí kí ó kọ iṣẹ́ náà.

Wáàtì pẹ̀lú ń fẹ́ àlàyé. RTX 3060 ń jẹ wáàtì 170. RTX 3060 Ti ń jẹ 200. Iye iná tí káàdì ń jẹ ni èyí, kì í ṣe agbára tí ó ní. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná NẸ́PÀ, ìjẹná ni ó yẹ kí a pè é, kí ẹni tí ń ra epo lè mọ̀ pé owó tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

5. Ìfiwéra tí ó tọ́

Ìfiwéra ìjáfáfá gbọ́dọ̀ wáyé lórí iṣẹ́ kan náà, nínú kọ̀ǹpútà kan náà, pẹ̀lú àwòrán tí ó tóbi bákan náà. Ó yẹ kí a tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí a sì kọ ìpíndọ́gba àti èyí tí ó kéré jù sílẹ̀. Bí káàdì bá ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nǹkan bí ìdá 17 nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá ni ó kan àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí díẹ̀ bá pẹ́ ju èyí lọ, ojú yóò rí ìkọsẹ̀ náà, bí ìpíndọ́gba tilẹ̀ dára.

6. Àgbálọgbábọ̀

Bí olùkọ́ kan ní Ìgándò bá gba owó ilé-ẹ̀kọ́ láti ra káàdì ayàwòrán, èdè tí ó fi béèrè ọ̀rọ̀ ni yóò pinnu ohun tí yóò gbé délé. Bí "agbára" nìkan bá ni ó ní lẹ́nu, GT 1030 méjèèjì yóò jọra lójú rẹ̀. Bí ó bá lè béèrè ìtóbi àká, irú àká, ìwọ̀n ìkójáde àti ìjẹná, tí ó sì béèrè ìjáfáfá lọ́tọ̀, òǹtajà yóò mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń rà ni ó dúró níwájú òun. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn atúmọ̀ èdè ni kí ó rí i dájú pé Yorùbá tí olùkọ́ náà ń sọ tó o béèrè.