Ẹ̀YÀ ÀTI ÀWỌ̀ ARA NÍNÚ GÉÈMÙ ÀWỌN ỌMỌ WA

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ó dá lórí géèmù tí àwọn ọmọ wa ń ta lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, àti irú ènìyàn tí wọ́n ń bá pàdé níbẹ̀.

IRÚ GÉÈMÙ TÍ À Ń SỌ

Kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tàbí ti ọkọ̀ sísá ni mo ní lọ́kàn jù. Èyí tó jẹ mí lógún ni géèmù ìtàn àròsọ, níbi tí ọmọ yóò ti di akọni, tí yóò máa bá iwin àti ẹranko abàmì jà. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938 ti mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé igbó ilẹ̀ wa ni Fágúnwà mú wa wọ̀. Ní ti géèmù, igbó òyìnbó ló pọ̀ jù, nítorí inú ìwé J. R. R. Tolkien, The Lord of the Rings (1954 sí 1955), àti eré Dungeons & Dragons tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, ni ọ̀pọ̀ wọn ti fa omi mu. Nítorí náà, géèmù kan lè ní oríṣi iwin mẹ́wàá, kí èdè àti aṣọ oníkálukú yàtọ̀, síbẹ̀ kó jẹ́ pé òyìnbó nìkan ni gbogbo ènìyàn inú rẹ̀.

Ní 2009, Dmitri Williams àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ka ẹ̀dá inú géèmù 150 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀dá náà sì lé ní 8,000. Nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 80 jẹ́ òyìnbó. Adúláwọ̀ kò ju nǹkan bí 11 lọ. Inú géèmù eré ìdárayá ni ọ̀pọ̀ àwọn adúláwọ̀ náà wà; nínú àwọn tó kù, jàǹdùkú ni ọ̀pọ̀.

Àwọn kan á ní, “Àròsọ ni, kí ló kan àwọ̀ ara níbẹ̀?” Èsì mi ni pé ẹni tó bá gbà pé ejò lè hu ìyẹ́, kó máa fò, kó sì máa tu iná lẹ́nu, kò yẹ kó ṣòro fún un láti gbà pé adúláwọ̀ lè jọba ní ìlú kan náà.

ÌYÍPADÀ TÓ TI DÉ

Ní 2016, ilé iṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà gbé Overwatch jáde, géèmù ìjà ti ọjọ́ iwájú. Ní 2017, wọ́n fi Doomfist kún un, ọmọ Nàìjíríà tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Àkàǹdé Ògúndìmú. Ọ̀tá ni wọ́n fi í ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà, wọ́n mú Efi Ọládélé wá, ọmọbìnrin ọdún 11 tó fi ọpọlọ ara rẹ̀ tún ẹ̀rọ kan ṣe láti máa dáàbò bo ìlú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń jẹ́ Òrìṣà.

Nínú Smite, ti Hi-Rez Studios, Yemọja wà láàárín àwọn òrìṣà Gíríìsì àti ti Íjíbítì. Kódà “omi” ni orúkọ agbára tí Yemọja ń lò níbẹ̀. Èyí tó kọni lóminú ni pé wọ́n fi Ọlọ́run náà sójú ìjà, orúkọ tí gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ yìí, mùsùlùmí, kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, jọ ń pè nínú àdúrà.

Àwa aláwọ̀ dúdú náà kò káwọ́ gbera. Ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù, ilé iṣẹ́ Kiro'o Games, tí Olivier Madiba dá sílẹ̀, gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde ní 2016. Ìtàn Enzo ni, ọmọ ọba Zama tí wọ́n dìtẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó yẹ kó gun orí oyè. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Erine, wá bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò láti wá agbára àwọn baba ńlá. Ní 2024 ni Tales of Kenzera: Zau jáde. Abubakar Salim, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Kẹ́ńyà, gbé e ka ìtàn àwọn Bantu, ó sì tún fi ṣe ọ̀fọ̀ baba rẹ̀ tó kú.

OHUN MẸ́TA TÓ YẸ KÍ A MÁA WÒ

Èkíní ni orúkọ àti orírun. Kíkun ẹ̀dá kan ní dúdú kò tó. Àkàǹdé jẹ́ oríkì tí ọmọ wa yóò gbọ́, tí yóò sì mọ̀ pé ilé ni ó ti wá.

Èkejì ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Kò burú bí Àkàǹdé bá jẹ́ ọ̀tá, níwọ̀n ìgbà tí Efi wà níbẹ̀. Ìran gbogbo ló ní ọmọlúàbí tó sì ní ìpátá. Ibi tó ti burú ni kí gbogbo ẹni tó jọ wá jẹ́ olè.

Ẹ̀kẹta, tó tún ṣe pàtàkì jù, ni ẹni tó ń sọ ìtàn náà. Bí a kò bá sọ ìtàn wa, ẹlòmíràn á bá wa sọ ọ́ bó ṣe wù ú, a ó sì bá Ọlọ́run lójú ìjà.

ÌMỌ̀RÀN MI

Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn já fóònù gbà. Ẹ jókòó ti ọmọ, kí ẹ bi í pé: Ta ni ọba níbí? Ta ni olè? Níbo ni wọ́n ti ṣe é? Bí géèmù náà bá gba ọmọ láyè láti yan àwọ̀ àti irun, ẹ wo ẹni tó yàn, kí ẹ sì bi í ní ìdí.

Kí a má sì gbàgbé ibi tí a ń gbé. Ilẹ̀ Gbágyi ni a wà. Àwọn ọmọ wa ń bá ọmọ Gbágyi, Bàsá, Ẹ̀bìrà, Haúsá àti Ìgbò ṣeré lójoojúmọ́. Yorùbá ti wà nínú géèmù òyìnbó. Èmi kò tíì rí Gbágyi níbẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè fún ara wa, ẹ jẹ́ kí a bèèrè rẹ̀ fún aládùúgbò wa. Mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa gba àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Yorùbá àti ti Gbágyi, kí a sì gbé e fún àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ àwòrán yíyà àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá lè ṣe é ní Yaoundé, a lè ṣe é ní Gwagwalada.

Ẹgbẹ́ wa yóò máa gbèrú. Ọmọ wa kò ní sọ ilé nù. Àṣẹ.