Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Ìṣirò Kì Í Sọ Nípa Gólì Orí Yìnyín

Ṣé o mọ̀ pé ojú ilé tí gólì ń ṣọ́ nínú họ́kì orí yìnyín kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 ní fífẹ̀ àti 4 ní gíga lọ? Ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gba irú rẹ̀ mẹ́jọ. Kò torí ẹ̀ rọrùn o. Pọ́ọ̀kì, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ti mú dì nínú fìríìsà kó má baà máa ta, ni wọ́n ń gbá lù ú.

Ṣé o mọ̀ pé 0.900 àti 0.950 jìnnà síra? Ìdá pọ́ọ̀kì tí gólì mú nìyẹn. Nínú 20 tí wọ́n gbá, méjì wọlé ẹni àkọ́kọ́, ẹyọ kan wọlé èkejì. Ryan Miller ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ní 0.950 ní sáà 2000–01, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Hobey Baker, ti ẹni tó dára jù nínú họ́kì yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tó ṣọ̀wọ́n fún gólì.

Jimmy Howard ti Yunifásítì Maine tún jù ú lọ: 0.956 ní 2003–04. Ó dé àṣekágbá ìdíje yunifásítì, ẹyọ kan péré ló wọlé rẹ̀, Denver sì fi 1–0 gba ife. Lópin eré, Maine kó èèyàn 6 dojú kọ 3, pàbó ló já sí. Ta ni yóò dá Howard lẹ́bi?

Ṣé o mọ̀ pé Ken Dryden pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹrin péré nínú eré 81 ní Yunifásítì Cornell? Ó lọ tán, Brian Cropper bọ́ sípò rẹ̀, Cornell sì borí nínú gbogbo eré 29 tó gbá ní sáà 1969–70. Ẹni bá fẹ́ wọn gólì, kó kọ́kọ́ wo àwọn adẹ́yìnmú tó wà níwájú rẹ̀. Àmọ́ Dryden kì í ṣe ẹrù ẹlòmíì: ní 1971 ó gba ife Stanley, ti líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ NHL, pẹ̀lú Montreal.

Ibi tí pọ́ọ̀kì ń bọ́ sí lẹ́yìn tí gólì ti dá a dúró lèmi máa ń wò. Bó bá ń ta á padà síwájú ọ̀tá, 30 tó mú kò tíì jọ mí lójú. Ọ̀pọ̀ gólì máa ń kúnlẹ̀, wọn a na ẹsẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Ìsàlẹ̀ dí pátápátá, ṣùgbọ́n òkè èjìká ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá sì pẹ́ kó tó dìde, ìyà ni ẹni tó gbá a láti ẹ̀gbẹ́ kejì yóò fi jẹ ẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ní líìgì NHL, òfin ò jẹ́ kí gólì fọwọ́ kan pọ́ọ̀kì ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀? Ní yunifásítì, kò sí irú ìdènà bẹ́ẹ̀, nítorí náà gólì tó mọ ọ̀pá lò ti di adẹ́yìnmú kẹta.

Connor Hellebuyck, gólì míì tó ti yunifásítì wá, ńkọ́? Ẹni 129 ni wọ́n pè ṣáájú rẹ̀ nígbà tí NHL ń yan ọ̀dọ́ ní 2012. Ó lọ sí UMass Lowell, ó ní 0.952 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Mike Richter, ti gólì yunifásítì tó dára jù, ní 2014. Ní 2025 ó gba Vezina rẹ̀ kẹta, àmì ẹ̀yẹ gólì NHL tó dára jù, ó tún gba Hart, ti ẹni tó wúlò jù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, mọ́ ọn.